Igbe Ẹ̀rọ Agéko Tí Ehoro Kò Gbọ́

Ehoro ni gbogbo ilé-ìwé ńlá tó ti ń ṣiṣẹ́ ń pè é, látorí ọ̀gá pátápátá dórí ẹni tó ń ṣí géètì. Kì í ṣe pé ó mọ eré sá bí ehoro o, ikùn rẹ̀ kò tiẹ̀ ní jẹ́ kó sáré. Etí ló fi gba orúkọ náà. Mẹkáníìkì ni. Òun ló ń tún katakata méjèèjì ilé-ìwé náà ṣe, òun ló ń tún ẹ̀rọ agéko ńlá tí katakata máa ń fà lẹ́yìn yíká pápá ìṣeré márààrún ṣe, ọdún mẹ́tàlélógún ló sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Nígbà tí etí rẹ̀ ṣì jẹ́ etí, ó lè wà lábẹ́ ẹ̀rọ kan, kí ọkọ̀ mìíràn gba ẹnu géètì wọlé lókèèrè. Kò ní gbé orí sókè, á kàn ní, "Ẹ sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀ yẹn pé bẹ́árìn táyà ẹ̀yìn rẹ̀ lápá ọ̀tún ti ń bẹ̀bẹ̀." Bẹ́árìn ni òrùka irin tí ọta róbóróbó wà nínú rẹ̀, tó ń jẹ́ kí irin yí láìgbo irin. Wọ́n á tú táyà náà, wọ́n á sì bá bẹ́árìn ọ̀hún bó ṣe wí. Àwọn ènìyàn á máa pariwo, òun á máa ṣe bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ á dùn dé ìpẹ̀kun.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé ó ti tó ọdún mẹ́fà tí etí náà ti ń kú. Ohùn tín-ín-rín ló kọ́kọ́ lọ. Ẹyẹ òwúrọ̀ dákẹ́. Fóònù á máa dún nínú àpò rẹ̀, ẹni tó jókòó tì í ni yóò sọ fún un. Ohùn tó wúwo ṣì ń wọlé dáadáa, nítorí náà ó ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn bí ó bá ti ń wo ẹnu wọn. Ó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ẹnu. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn yòókù bá rẹ́rìn-ín. Ní ti iṣẹ́, ọgbọ́n tó dá ni pé ó máa ń fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu awakọ̀ kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ rárá. Á ní, "Ìwọ fúnra ẹ, kí lo gbọ́? Ìgbà wo ló ń dún? Ìgbà wo ló ń dákẹ́?" Bí awakọ̀ bá ti sọ tán, ó ti mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni yóò wá gbé irin gbọọrọ kan, á fi orí kan ti ara ẹ̀rọ, á fi orí kejì ti egungun ẹ̀yìn etí, á di ojú, á sì sọ ohun tí awakọ̀ ti sọ fún un. Wọ́n ní bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Ti Ehoro kò rí bẹ́ẹ̀. Etí kò gbọ́, inú sì ń bàjẹ́ lójoojúmọ́.

Awakọ̀ katakata tó ń fa ẹ̀rọ agéko náà, Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ó ń rọra wakọ̀ débi pé àwọn olùtọ́jú òdòdó máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ìgbín ń fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀ pé kó yà fún òun. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, kò mọ ibi tí wọ́n ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ lára katakata. Ehoro ló kọ́ ọ. Láti ìgbà náà, "ẹ̀gbọ́n" ló ń pe Ehoro, kò sì pè é bẹ́ẹ̀ fẹ́nu lásán.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Jẹ́jẹ́ fa ẹ̀rọ náà wá síwájú gáréèjì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀. Ẹ̀rọ yìí ń sunkún o."

"Irú ẹkún wo?"

"Ẹkún tín-ín-rín ni. Fíííín, bí ìgbà tí ẹ̀fọn bá wọ etí èèyàn. Tí mo bá ti fi ọ̀bẹ ẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́ báyìí ló ń bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá sì yí sọ́wọ́ òsì, ńṣe ló ń le sí i."

Nínú ẹ̀rọ náà, ọ̀bẹ mẹ́ta ló wà lábẹ́, ọ̀kan ní òsì, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan ní ọ̀tún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pá irin tirẹ̀ tó ń yí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní bẹ́árìn tirẹ̀. Gíábọ́ọ̀sì, àpótí eyín irin tó ń pín agbára katakata fún wọn, wà lókè wọn. Ká ní Ehoro nìkan ló wà níbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ Jẹ́jẹ́ yìí ì bá ti tó o. Ì bá tú ọ̀bẹ òsì wò, iṣẹ́ ì bá parí. Ṣùgbọ́n màdámù tó jẹ́ ọ̀gá àgbà fún ọgbà àti pápá dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò tíì ju oṣù mẹ́rin lọ tó dé. Ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ti ròyìn etí yín fún mi títí. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i lónìí."

Ni orí Ehoro bá wú. Ó ní kí Jẹ́jẹ́ tan ẹ̀rọ. Ó gbé irin gbọọrọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó di ojú. Gbùrùgbùrù ẹ́ńjìnnì katakata nìkan ló gbọ́. Ó wá ẹkún náà títí, kò rí i. Nítorí pé ó di ojú, kò rí olùtọ́jú òdòdó kan tó fi ọwọ́ méjèèjì di etí, tó sì fún ojú pọ̀ bí ẹni tó mu omi ọsàn kíkan. Kò sì rí màdámù tó ń nàka sí apá òsì ẹ̀rọ náà.

Nígbà tó la ojú, gbogbo wọn ń wo ẹnu rẹ̀. Ó mọ̀ pé Jẹ́jẹ́ ti sọ òsì. Ṣùgbọ́n bí òun náà bá sọ òsì, kí wá ni màdámù fẹ́ ròyìn? Ó ní láti sọ ohun tí ẹlòmíràn kò lè sọ.

"Gíábọ́ọ̀sì ni," ó wí.

Jẹ́jẹ́ fọwọ́ họ orí. "Ẹ̀gbọ́n, ó dà bíi pé apá òsì yìí ló ti ń…"

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ máa kọ́ mi níṣẹ́ báyìí? Ìwọ tí ìgbín ń fọn fèrè fún?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ náà gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ó sì wo ilẹ̀.

Odindi ọjọ́ méjì ni Ehoro fi tú gíábọ́ọ̀sì. Epo inú rẹ̀ mọ́ kedere bí oyin, eyín irin rẹ̀ pé pérépéré. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ó pààrọ̀ rọ́bà tó ń dá epo dúró, ó da epo tuntun sí i, ó dè é padà. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, Jẹ́jẹ́ tan ẹ̀rọ náà, ó fetí sí i fún ìgbà díẹ̀, ó sì pa á.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ṣì ń sunkún."

"Rọ́bà tuntun ló ń wá ibi jókòó. Tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí méjì, á dákẹ́."

"Ó ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ o."

"Lọ gé koríko ẹ, jàre."

 Jẹ́jẹ́ gun katakata rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, ó ń gé koríko lẹ́bàá ọgbà ìta, níbi tí olùṣọ́ géètì máa ń jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì onípákó lábẹ́ igi. Bẹ́árìn òsì gan pa. Ọ̀pá irin rẹ̀ já. Ọ̀bẹ gígùn náà ya ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ jáde, ó fò kọjá ojú ọ̀nà, ó sì kàn mọ́ ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì náà. Ó wọ inú pákó tó ìka mẹ́rin. Olùṣọ́ ti lọ pọn omi. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Jẹ́jẹ́ pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ sínú koríko.

Ehoro sáré débẹ̀. Ó wo ọ̀bẹ, ó wo bẹ́ǹṣì, ẹ̀rù bà á dé inú egungun, nítorí lójú ẹsẹ̀ ló ti mọ̀ pé ẹkún tí Jẹ́jẹ́ sọ ni. Kí Jẹ́jẹ́ tó la ẹnu, màdámù ti dé.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Òkúta ni," Ehoro dáhùn. "Ó fi ẹ̀rọ gun òkúta. Mo gbọ́ ọ láti gáréèjì."

Ẹnikẹ́ni kò bi í bóyá ó gbọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ìyẹn kún un.

"Òkúta wo, ẹ̀gbọ́n?" Jẹ́jẹ́ dìde. "Màdámù, kò sí òkúta kankan. Mo sọ fún wọn pé ẹ̀rọ yìí ń sunkún. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo sọ ọ́."

Màdámù yíjú sí Ehoro. "Ṣé ó sọ fún yín?"

"Ó sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé, mo sì ti tún un ṣe. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀rọ yìí kò sunkún kankan. Màdámù, ẹ ṣáà mọ etí mi."

Ta ni yóò bá etí Ehoro jiyàn? Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ katakata lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́. Wọ́n ní kó máa fi réèkì kó ewé jọ títí wọn yóò fi mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí Ehoro délé. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní pálọ̀. Ehoro jókòó, ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún un gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́ fún màdámù: òkúta, ọ̀bẹ, bẹ́ǹṣì. Obìnrin náà dá ẹsẹ̀ dúró, ó yí àga rẹ̀ padà kí ojú rẹ̀ lè kọ sí ọkọ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

"Bàbá wọn, ṣé ẹ gbọ́ ariwo òkúta yẹn?"

"Mo gbọ́ ọ."

Kò bá a jiyàn. "Ẹ wá, ẹ dúró tì mí níbí." Ó tẹ ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń yí. "Kí lẹ gbọ́?"

"Kí ni kí n gbọ́? Ẹ̀rọ ń ránṣọ."

"Ó ń han. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí mi ò ti kán òróró sí i. Mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Mo ní bóyá lọ́jọ́ kan ẹ máa wọlé, ẹ máa ní, 'Ìyá wọn, kí ló ń pa ẹ̀rọ yìí lẹ́kún?' bí ẹ ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ará ilé kejì ti wá bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí n jọ̀wọ́, kí n wá nǹkan ṣe sí i."

Ehoro wo ẹ̀rọ náà. Kì í ṣe pé etí òun kò dára ló dùn ún. Ìyẹn kò ṣàjèjì sí i. Ohun tó gún un ni pé ọ̀rọ̀ tó rò pé òun bò mọ́lẹ̀ wà níta gbangba, tí ará ilé kejì ń gbọ́ ọ láti inú yàrá wọn.

"Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé wọ́n mọ̀?"

"Wọ́n mọ̀. Wọ́n ní kí n má sọ, kí ojú má baà tì yín."

Ó na ọwọ́, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara ẹ̀rọ ìránṣọ náà. Ìyàwó rẹ̀ tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wìnrìnwìnrìn, bí ara ẹni tí ibà ń ṣe. Kò gbé ọwọ́ kúrò.

"Jẹ́jẹ́ wá ńkọ́?" ìyàwó rẹ̀ béèrè.

 Ehoro tijú láti jẹun lójú obìnrin náà, ó sì gbé oúnjẹ tirẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, òun ló kọ́kọ́ dé gáréèjì. Wọ́n ti wọ́ ẹ̀rọ agéko náà wá síbẹ̀. Ó tú apá òsì. Bẹ́árìn náà ti fọ́ wẹ́wẹ́, iná ti jó o débi pé ó ti di búlúù, kò sí gíríìsì tó tó orí abẹ́rẹ́ lára rẹ̀. Koríko gbígbẹ àti ẹrẹ̀ ti dí ojú ihò tí wọ́n ń gba ti gíríìsì sínú rẹ̀. Ta ló ń fi gíríìsì sí i? Òun ni, ní gbogbo Àbámẹ́ta. Ó ń fún un láti ìta, gíríìsì ń rọ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń nù ún kúrò, ó ń rò pé ó ti wọlé. Nígbà kan rí, etí ì bá ti sọ fún un pé kò wọlé.

Lẹ́yìn náà, ó gbé ọ̀bẹ yẹn lójú ìmọ́lẹ̀. Ọ̀bẹ tó bá gun òkúta, ẹnu rẹ̀ á ká. Ẹnu ti eléyìí dán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

 Ó wo ẹnu ọ̀nà, kò sí ènìyàn. Ó so ọ̀bẹ náà mọ́ irin tó ń di nǹkan mú lórí tábìlì iṣẹ́, ó gbé òòlù, ó sì lù ú lẹ́ẹ̀kan. Ẹnu ọ̀bẹ ká bí ẹni tí eyín kan yọ. Ó gbé òòlù sókè lẹ́ẹ̀kejì.

Ibẹ̀ ló ti rí Jẹ́jẹ́ láti ojú fèrèsé. Ó wà lẹ́bàá àwọn òdòdó, ó ń fi réèkì kó ewé, ó ń rọra ṣe é bó ṣe ń rọra ṣe ohun gbogbo. Àwọn méjì ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan yíjú padà, ó pariwo sí i. Ehoro kò lè gbọ́ ọ láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà tó ti ń wo ẹnu ènìyàn kò já sí asán, ó ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu onítọ̀hún kedere: "Jẹ́jẹ́ olókùúta!" Ẹnì kejì rẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ kò gbé orí. Ó ń kó ewé rẹ̀ lọ.

Ehoro sọ òòlù kalẹ̀. Ó jókòó lórí garawa tó dojú dé, ó fi ọwọ́ tó dọ̀tí bo ojú. Ká ní ilẹ̀ lanu lọ́jọ́ náà, ì bá wọ inú rẹ̀ láìbojú wẹ̀yìn. Ẹni tó pe òun ní ẹ̀gbọ́n ló fi ń rọ́pò ara rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀gàn yìí, ó sì tún ń fi òòlù wá ẹ̀rí tí yóò fi dè é mọ́ ọn.

Ó fi àkísà di ọ̀bẹ àti bẹ́árìn fífọ́ náà, ó gbé wọn lọ sí ọ́fíìsì màdámù, kò sì jókòó nígbà tí wọ́n ní kó jókòó.

"Màdámù, irọ́ ni mo pa. Kò gun òkúta. Bẹ́árìn ló gan, èmi ni mi ò jẹ́ kí gíríìsì dé ibẹ̀. Ó sọ fún mi pé ẹ̀rọ ń sunkún, mi ò gbọ́ ọ, mo wá ṣe bí ẹni tó gbọ́."

Màdámù tú àkísà náà. Ó fi ìka tọ́ ẹnu ọ̀bẹ. "Ibi tó ká yìí wá ńkọ́?"

Ó lè sọ pé ìgbà tó kàn mọ́ bẹ́ǹṣì ló ká. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀.

"Èmi ni mo fi òòlù ká a, láàárọ̀ yìí."

Màdámù tún fi àkísà náà di ọ̀bẹ. Ehoro ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń dúró dè é. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò pariwo.

"Ẹ ò ní sọ èyí fún èmi nìkan."

Ní aago mẹ́wàá, gbogbo òṣìṣẹ́ ọgbà péjọ síwájú gáréèjì. Ehoro sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Ohùn rẹ̀ ròkè ju bó ṣe yẹ lọ, òun kò sì mọ̀. Ó ní ọdún mẹ́fà ni òun kò ti gbọ́ ohun tó bá tín-ín-rín. Ó ní Jẹ́jẹ́ gbọ́, ó sọ, òun sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sọ ti òòlù pẹ̀lú. Ó rò pé wọ́n á fi òun rẹ́rìn-ín, ó sì ti múra sílẹ̀ fún un. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Ńṣe ni wọ́n ń wo ilẹ̀, bí ẹni tó ṣèèṣì bá àgbàlagbà níbi tó ti ń wẹ̀.

Olùṣọ́ géètì nìkan ló sọ̀rọ̀. "Ṣé ẹ̀yìn mi lẹ wá fẹ́ fi dán etí yín wò ni?" Àwọn kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú lẹ́nu wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí," Ehoro wí fún olùṣọ́. Ó yíjú sí Jẹ́jẹ́. "Àbúrò mi, jọ̀ọ́."

Jẹ́jẹ́ rìn sún mọ́ ọn, títí ẹnu rẹ̀ fi wà níbi tí Ehoro ti lè rí i dáadáa.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo sọ ọ́ fún yín."

 Ó gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ màdámù, ó lọ.

Wọ́n fún Ehoro ní ìwé ìkìlọ̀, wọ́n ní kó lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó sì lọ rí dókítà etí. Dókítà ní ariwo ẹ́ńjìnnì ló ti jẹ ẹ́ run, ohun tó bá sì ti lọ kò ní padà. Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń kọ́ sẹ́yìn etí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lò ó, ìró ṣíbí lára abọ́ fẹ́ẹ̀ lé e jáde nínú ilé.

Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rọ agéko náà ń dúró dè é. Ó tú ọ̀pá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kalẹ̀. Kò gbé irin gbọọrọ kankan sétí. Ọwọ́ ló fi wò wọ́n: ó fi ìka méjì yí bẹ́árìn kọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ́, ó ń fetí ìka gbọ́ ọ. Èyí tó dára ń yọ̀ bí ẹni tó fi epo pa ọwọ́. Èyí tó ti bàjẹ́ dà bí iyanrìn láàárín eyín. Ó pààrọ̀ méjì, ó fi abẹ́rẹ́ yọ ẹrẹ̀ kúrò lójú ihò gíríìsì, ó sì ń fún un títí ó fi rí gíríìsì tuntun tó yọ ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Gbogbo ìyẹn rọrùn. Èyí tó kù ni kò rọrùn. Ó ní láti lọ bá Jẹ́jẹ́ níbi tó ti ń fọ katakata.

"Jọ̀ọ́, wá bá mi gbọ́ ọ."

Jẹ́jẹ́ nu ọwọ́. Ó tan ẹ̀rọ náà, ó yí i po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò kánjú. "Ti òsì ti dákẹ́," ó wí. "Ti àárín ṣì ń sọ̀rọ̀ díẹ̀."

Ehoro tún ti àárín tú. Nọ́ọ̀tì kan ni kò fún dáadáa. Ó fún un. Jẹ́jẹ́ tún yí i po.

"Ó ti dákẹ́, ọ̀gá mẹkáníìkì."

Ọ̀gá mẹkáníìkì. Bó ṣe ń pè é nìyẹn láti ọjọ́ náà, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí ẹni ń kí àlejò. Àwọn yòókù kò pè é ní Ehoro lójú rẹ̀ mọ́, ojú ń tì wọ́n fún un. Ó wù ú kí wọ́n tiẹ̀ máa bú òun.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kan pátákó dúdú kan mọ́ ara ilẹ̀kùn gáréèjì, ó so ẹfun ìkọ̀wé mọ́ ọn. Ó ní kí awakọ̀ tó bá gbọ́ ariwo máa kọ ọ́ síbẹ̀, kí ẹlòmíràn má sì pa á rẹ́ àfi ẹni tó kọ ọ́, nígbà tó bá ti tẹ́ ẹ lọ́rùn. Fún ọjọ́ mẹ́jọ, kò sí ẹni tó kọ nǹkan kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, ó bá ìkọ̀wé Jẹ́jẹ́ níbẹ̀, gàdàgbà-gàdàgbà: *Ó ń dún fíìn lápá ọ̀tún, tí mo bá ń gun òkè.*

Ehoro kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé pọ́ọ̀mpù gíríìsì, ó tẹ́ àpò ìrẹsì òfìfo sílẹ̀, ó sì wọ abẹ́ ẹ̀rọ lọ. Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó náà, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń dúró.